Háàdì Tí Olóògbé Fi Sílẹ̀

Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Ohun tí Atẹ́tí kọ́kọ́ rí nìyẹn láti ẹ̀yìn gíláàsì. Obìnrin náà dúró níwájú máìkì nínú yàrá kótópó kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Ó di ìwé mú lọ́wọ́ kan, ó sì ń fi ọwọ́ kejì bá ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ jà. Ó fajú ro bí ìyá arúgbó tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó di ọlọ́pàá. Kí Atẹ́tí tó mí lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di ọmọdébìnrin tó ń rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n ti mú olè. Gíláàsì náà nípọn, kò sí ìró kan tó jáde, síbẹ̀ Atẹ́tí kò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Ta ló dúró tó ń mí bí ẹni tó gun òkè yẹn?" Ohùn kan bèèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Atẹ́tí yí padà. Ọkùnrin sísanra kan ló jókòó sídìí tábìlì, ó wọ gíláàsì dúdú, ìka rẹ̀ sì ń rìn lórí ìwé oníkókó tí àwọn tí kò ríran ń fọwọ́ kà. Olórí ilé ìkàwé náà ni, Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni ẹ ránṣẹ́ pè nítorí kọ̀ǹpútà."

"Kọ̀ǹpútà ò sí nínú gíláàsì yẹn o. Yàrá kejì ló wà."

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni Atẹ́tí ń ṣe. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé kó tó tú ẹ̀rọ kankan, á kọ́kọ́ gbé etí lé e bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, kò sì tíì gbéyàwó. Bàbá rẹ̀ tètè kú, òun ló sì tọ́ àwọn àbúrò mẹ́rin yanjú. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fọmọ fọ́kọ.

Ilé ìkàwé yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fojú ríran ló wà fún. Wọ́n á ka ìwé sórí ẹ̀rọ, wọ́n á sì dà á sínú ẹ̀rọ ìgbọ́wèé kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ́wọ́. Ìdánwò ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ló máa rán ènìyàn wá ní Ọjọ́bọ̀ láti wá kó ìwé wọn. Wọ́n ti ra wáyà tuntun àti àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, èyí tó yára jù lọ́jà, síbẹ̀ ìwé ẹyọ kan ń gbà tó wákàtí kan kó tó kọjá láti kọ̀ǹpútà ńlá sí kékeré.

Ilẹ̀kùn yàrá kótópó náà ṣí, obìnrin náà jáde, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà. Àǹtí Akàwé ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá wo ìgbín wa?"

"Ìgbín wo, mà?"

"Kọ̀ǹpútà wa. Tó bá bẹ̀rẹ̀, á sáré bí ẹṣin. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó ti di ìgbín. Tí mo bá bá a wí, á dákẹ́ pátápátá."

"Kí lẹ fi ń bá a wí?"

"Ẹnu ni. Àyàfi ọjọ́ kan tí mo gbá a."

"Ẹ má gbá a mọ́, mà. Bóyá ohun tẹ́ ẹ sọ ló ṣì ń dùn ún."

Obìnrin náà wò ó, ó fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ìdí tábìlì, Ọ̀gá gbé orí sókè. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn nínú ilé náà.

Atẹ́tí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pààrọ̀ wáyà, kò sí ìyàtọ̀. Ó ṣe é kí kọ̀ǹpútà méjì ju nǹkan síra wọn láìjẹ́ kí háàdì kankan, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, dá sí i, ó sì kọjá wàrà kí Akàwé tó ṣẹ́jú. "Wáyà yín ò jẹ̀bi," ó wí. Ó wá ní kí kọ̀ǹpútà ńlá gbé ìwé kan láti inú háàdì rẹ̀ lọ sí háàdì mìíràn tó wà nínú àpótí kan náà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí láàárín wọn rárá. Ìgbín padà dé. Atẹ́tí kúnlẹ̀, ó gbé etí lé àpótí náà. Kẹ́. Kẹ́-kẹ́. Ó dákẹ́. Kẹ́.

"Ẹ ti la títì gbòòrò wá sẹ́nu ilẹ̀kùn tóóró kan," ó wí. "Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ló ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ háàdì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kékeré kan bí abẹ́rẹ́ ló ń sáré kiri nínú rẹ̀ láti dá gbogbo wọn lóhùn. Ẹ sì tún wá gé ìwé sí wẹ́wẹ́, ojú ewé kan, fáìlì kan. Ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ti darúgbó."

Ó tú ìdérí. Wọ́n lẹ bébà mọ́ háàdì náà lára, ẹnì kan sì ti fi bíìrò kọ ọ́ sí i pé: *Ìwé wa nìyí. Ẹ rọra.* Ó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ Akàwé bà lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn kọ́," ó wí. Gbogbo ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀. "Ẹ ṣe ohun tó bá wù yín sí àwọn yòókù. Ìyẹn kọ́."

Ó jáde. Ọ̀gá ló wá ṣàlàyé. Ọkọ obìnrin náà àti Ọ̀gá ló jọ dá ilé ìkàwé náà sílẹ̀. Ọkọ yìí ló kọ́kọ́ ń kàwé síbẹ̀, orí kásẹ́ẹ̀tì ló sì ń kà á sí. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú háàdì yìí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ àpótí. Àìsàn ló mú un lọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

"Ìwé àádọ́fà ló fi ohùn rẹ̀ kà," Ọ̀gá wí. "Kò sí níbòmíràn láyé."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá Atẹ́tí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń bu omi.

"Ta ni?" ó bèèrè.

"Ta ni kí ni, Màámi?"

"Ife tó ti kún lo ṣì ń bu omi sí."

Atẹ́tí wo ilẹ̀. Omi ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. "Háàdì kan ló ń dà mí lọ́kàn rú."

"Háàdì náà, ṣé ó lọ́kọ?"

"Ọkọ ẹ̀ ti kú." Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó rántí ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò gbé irinṣẹ́ kankan dání. Ó bá Akàwé níwájú kọ̀ǹpútà ńlá náà.

"Mi ò wá yọ ọ́," ó wí. "Mo wá kí ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́ ni. Ẹ gbé etí lé e."

Obìnrin náà ṣiyèméjì, ó kúnlẹ̀, ó gbé etí lé àpótí náà. Atẹ́tí kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n wo ara wọn lórí irin náà. Kẹ́. Kẹ́-kẹ́.

"Ó dà bíi pé ó ń wúkọ́," Akàwé wí jẹ́jẹ́.

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá ku díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń sún mọ́ ọ̀run. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Èmi nìkan ni kó máa dá lóhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá kọ́kọ́ kó ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jáde, lẹ́yìn náà màá yọ ohùn olóògbé, ìwé kan lẹ́yìn èkejì. Tí mo bá sọ ọ̀kan nù, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Atẹ́tí mọ́."

Akàwé gbé ọwọ́ lé àpótí náà. "Ẹ rọra," ó wí.

Atẹ́tí gbé háàdì tuntun kan wá, irú èyí tí kò sí ohunkóhun tó ń yí nínú rẹ̀. Ó di àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ náà pọ̀, ìwé kan nínú ìdì kan, kí kọ̀ǹpútà má baà máa ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Akàwé dúró tì wọ́n, ó ń wo aago. Ìwé àkọ́kọ́ kọjá. Èkejì kọjá. Ìṣẹ́jú kan pé, kò sí ìgbín. Ìwé tó ń gba wákàtí kan tẹ́lẹ̀ ń kọjá kí ènìyàn tó ka oókan dé ogún.

"Ó lọ!" ó pariwo. "Ọ̀gá, ó lọ! Ó tún lọ!" Ó ń fò sókè, ó di apá Atẹ́tí mú, ó sì gbàgbé láti fi í sílẹ̀. Kí aago méjì tó lù, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti gba ìwé wọn lọ.

Ohùn olóògbé ló kù. Ìyẹn kò ṣeé sáré ṣe. Tí háàdì bá gbóná, Atẹ́tí á pa á, á jẹ́ kó tutù. Ìwé tó bá kọ̀ láti iwájú, á gba ẹ̀yìn wọlé sí i. Lójoojúmọ́ tó bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, á wá jókòó síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, Akàwé á sì bó ọsàn sínú àwo fún un.

"Ẹ yéé pè mí ní mà," ó wí lọ́jọ́ kan. "Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti gba owó ìfẹ̀yìntì."

"Kí ni kí n máa pè yín?"

"Èyí tó bá wá sí ọ lẹ́nu."

"Ààyò ló máa ń wá sí mi lẹ́nu. Mo máa ń gbé e mì ni."

Akàwé bá ọsàn tó ń bó ṣeré fún ìgbà pípẹ́. "Má gbé e mì mọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó lè há ọ lọ́fun."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn dé ibi tí Akàwé ti ń wọkọ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ á dé, wọn á ní kó máa lọ. Èkejì á dé, wọn á tún ní kó máa lọ. Lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ni Atẹ́tí ti sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ."

"Mo ti ka tàwọn tó mọ̀ ọ́n sọ. Ó ti sú mi. Sọ tìẹ."

"Mo ń gbé ayé mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wá rí ọ. Kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Fẹ́ mi, jọ̀ọ́."

Akàwé gbé orí lé èjìká rẹ̀. "Ọmọ mi ò tíì mọ̀," ó wí. "Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí. Ní tèmi, mo ti gbà, ó ti pẹ́."

Kò tíì rí àyè sọ fún ọmọ náà tí ọmọ náà fi fojú ara rẹ̀ rí i. Lọ́yà ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ó wá mú ìyá rẹ̀ lọ sílé lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó bá Atẹ́tí lórí àga, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn wà ní etí rẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ sì wà ní èjìká ọkùnrin náà.

"Àga bàbá mi nìyẹn," lọ́yà wí.

Atẹ́tí dìde kíá. "Ẹ má bínú."

"Ẹ ti fọwọ́ kan háàdì wọn. Ẹ ti jókòó sórí àga wọn. Ẹ ti gbé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn wọn sétí. Kí ló kù? Ìyá mi?" Ó kọjú sí ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì fọ́. "Màámi, ṣé ó ti yá yín láti gbàgbé ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Akàwé pe Atẹ́tí lórí fóònù. Ohùn tó máa ń di ogún ènìyàn kò lè di ẹyọ kan dáadáa.

"Fún mi láyè díẹ̀. Mi ò lè fi omijé ọmọ mi ra ayọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o ò bínú?"

"Inú mi bàjẹ́ ni. Ìyẹn yàtọ̀. Àmọ́ ìwé méjìdínlógún ṣì kù nínú háàdì yẹn, mo sì ti ṣèlérí."

Láti ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni Atẹ́tí ń dé ilé ìkàwé, á sì ti lọ kí Akàwé tó dé. Ọ̀gá ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," Ọ̀gá wí lọ́jọ́ kẹta, "ọkọ obìnrin tó o fẹ́ fẹ́ lo ń jí dìde láràárọ̀ yìí. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Èèyàn rere ni. Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ara ẹ̀ ló máa ń bú."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì yọ gíláàsì rẹ̀ láti nu ojú. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí."

Ìwé tó kẹ́yìn, ìwé ìṣirò ni. Ọdún púpọ̀ ti kọjá tí fáìlì náà kò ti ṣí fún ẹnikẹ́ni. Atẹ́tí fi òwúrọ̀ mẹ́rin bá a fà á. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ṣí. Ohùn ọkùnrin náà ń ka mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Lójijì, ilẹ̀kùn dún nínú rẹ̀, ohùn ọmọdé kan sì wọlé.

"Bàámi, ṣé ẹ ti parí?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. Ẹ tún sọ bẹ́ẹ̀ níjẹta. Ìgbà mélòó ni díẹ̀ máa kù?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó gùn, tó ń mú ikọ́ wá. "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ dákun, lọ́yà mi ló wọlé, mo sì ti jẹ̀bi. Wá jókòó sórí itan mi. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin ńkọ́?"

"Méjìlá!"

Atẹ́tí yọ ẹ̀rọ náà létí. Lẹ́yìn náà ó da ìwé àádọ́fà náà sínú háàdì kékeré kan, ó kọ nọ́ńbà ìwé ìṣirò náà sórí bébà, ó sì gba ọ́fíìsì lọ́yà lọ lọ́sàn-án.

"Kí lẹ fẹ́?" lọ́yà bèèrè láìgbójú sókè.

"Kò sí. Ohùn bàbá yín ló pé síbí yìí, ìkankan ò sọnù. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí mo kọ nọ́ńbà ẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀." Ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tán tí ọkọ̀ kan fi dúró. Lọ́yà bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó mú ọ̀daràn wá síwájú adájọ́.

"Mo ní ìbéèrè mẹ́ta," ó wí. "Kí ló dé tí ẹ ò pa ohùn bàbá mi rẹ́? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi á mọ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá mi gbàgbé bàbá mi?"

"Rárá o! Tó bá lè gbàgbé ẹni tó dáa tó yẹn, èmi ńkọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ mú lọ́yà, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó yí sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ìbéèrè kẹta, tiyín ni. Ṣé ẹ fẹ́ràn wọn?"

"Gan-an," Akàwé wí. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn bàbá rẹ, mo sì fẹ́ràn èyí náà. Ọ̀kan ò gba àyè ọ̀kan."

Lọ́yà fọwọ́ nu ojú. "Mo ti gbàgbé ẹ̀rín wọn," ó wí. "Mo ń rántí ojú wọn, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ti lọ. Àná ni mo tó tún gbọ́ ọ." Ó kúnlẹ̀ níwájú Atẹ́tí lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà. "Ẹ forí jì mí, sà. Ẹ má sì fi ẹ̀yin pè mí mọ́. Ó ń dà bíi pé àlejò ni mo jẹ́ sí yín."

"Dìde, ọmọ mi," Atẹ́tí wí. "Dìde, nọ́ọ̀tì kọ̀ǹpútà kún ilẹ̀ yẹn, á gún ẹ lórúnkún."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, gbọ̀ngàn ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó kún fọ́fọ́. Ìyá Atẹ́tí jókòó síwájú, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀gá àti akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá tí kò fojú ríran wà ní ìlà kejì. Lọ́yà dúró ti ìyá rẹ̀, ó di òdòdó mú.

Akọ̀wé ìjọba bi Atẹ́tí, ó dáhùn. Ó bi Akàwé. Akàwé la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú, omijé ló wá. Ó wá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó mì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Ọ̀gá bèèrè. "Èé ti rí tí ibẹ̀ dákẹ́?"

"Ó ń mi orí ni, sà," lọ́yà wí.

"Èwo ni ti orí mímì? Àwa mẹ́tàlá la wá jẹ́rìí níbí, a ò sì rí orí tí ẹnikẹ́ni ń mì. Kó sọ ọ́ síta o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Akàwé náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì la ọ̀nà fún ohùn rẹ̀. Ó di ọwọ́ Atẹ́tí mú, ó sọ ọ́ sókè débi pé ọlọ́pàá ẹnu géètì yọjú wò wọ́n.

"Mo gbà á! Tọkàntọkàn ni mo gbà á!"

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún ìjọba, mà," akọ̀wé wí, ó sì na bíìrò sí i.

"Kò tíì tó fún èmi," Atẹ́tí wí.

Akàwé gba bíìrò náà, ó yí sí i, ó sì tún un sọ, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, sí etí rẹ̀ nìkan.